Ìbẹ́pẹ mi ń tan òdòdó rẹpẹtẹ àmọ́ kò so rárá, ṣé kí n gé e ni?

Ẹ̀yìnkùlé_Tútù:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ìbẹ́pẹ kan ni mo gbé wá, ó ti ń dà mí láàmú, mo sì fẹ́ bi àwọn tó mọ̀ kí n tó fi àdá kàn án. Igi mẹ́rin ni mo gbìn sẹ́yìnkùlé. N ò ra irúgbìn, hóró inú ìbẹ́pẹ tí mo jẹ ni mo kó pa mọ́ tí mo gbìn, gbogbo ẹ̀ ló hù dáadáa, wọ́n sì ti ga jù mí lọ báyìí. Méjì ti ń so. Ìkẹta yìí ni n ò mọ ohun tí mo máa ṣe sí, òdòdó ló ń tan ṣáá, òdòdó kéékèèké funfun tó fẹ́ pọ́n díẹ̀, ó kún orí ọ̀pá gígùn kan tó ń jábọ̀ wálẹ̀ láti abẹ́ ewé, tó bá di ìrọ̀lẹ́ òórùn ẹ̀ máa ń dùn gan-an, àmọ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ gbogbo ẹ̀ á wọ́ sílẹ̀, ẹyọ kan ò di ọmọ nínú ẹ̀. Ìkẹrin ò tíì tan nǹkan kan.

Ẹnì kan sọ fún mi pé akọ ni, pé kí n gé e dànù kó má fi omi àti ilẹ̀ ṣòfò. Ẹlòmíì ní kí n kan ìṣó ńlá mọ́ ìdí ẹ̀, pé á yí padà di abo, á sì so. Ẹnì kẹta wá ní mo yẹ kí n ti ṣa hóró kí n tó gbìn, pé ojú lèèyàn fi ń mọ hóró akọ yàtọ̀ sí ti abo.

Nínú gbogbo ẹ̀, èwo lòótọ́? Àti pé tí mo bá gé e, ṣé àwọn méjì tó ń so yẹn ò ní dá èso dúró?

Àgbà_Ajílé:

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ gbé àdá yẹn sílẹ̀ ná.

Bẹ́ẹ ṣe ṣàlàyé òdòdó yẹn, akọ ni, kò sí àní-àní ńbẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé akọ àti abo nìkan ni ìbẹ́pẹ ní, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti ń dàrú. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n. Akọ wà, abo wà, èyí tó jẹ́ akọ tó tún jẹ́ abo lórí igi kan náà, nínú òdòdó kan náà, ó wà. Òdòdó lẹ máa fi dá wọn mọ̀, kì í ṣe ewé, kì í ṣe gíga igi, kì í sì í ṣe hóró.

Ẹ já ọ̀kan nínú òdòdó orí ọ̀pá gígùn yẹn kẹ́ẹ ya á wò. Ẹ ó rí i pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, nǹkan kéékèèké mẹ́wàá wà nínú ẹ̀ tó ní lẹ́búlẹ́bú yẹ́lò lára, tẹ́ẹ bá fọwọ́ kàn án á lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Lẹ́búlẹ́bú yẹn ni iṣẹ́ ẹ̀. Ohun tó yẹ kó dàgbà di èso, tín-ín-rín lásán ni níbẹ̀, kò lè di nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tó fi ń wọ́ dànù, kò sí ohun tó ṣe é, ó ti parí iṣẹ́ ẹ̀ ni.

Kẹ́ẹ wá lọ sídìí àwọn méjì tó ń so. Òdòdó abo tóbi ju ti akọ lọ dáadáa, ó sún mọ́ ara igi, kò ní ọ̀pá gígùn, ẹyọ kan tàbí méjì mẹ́ta ló máa ń wà lójú kan. Tẹ́ẹ bá bó ewé òdòdó yẹn kúrò, nǹkan roboto kan á jókòó sínú ẹ̀, ìyẹn ni ìbẹ́pẹ ọjọ́ iwájú, lórí ẹ̀ ẹ ó rí nǹkan márùn-ún tó pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, ibẹ̀ ni lẹ́búlẹ́bú gbọ́dọ̀ bà sí. Abo ò ní lẹ́búlẹ́bú tirẹ̀ rárá, ó gbọ́dọ̀ rí i gbà láti ibòmíì.

Ẹ̀kẹta, èyí tó ní méjèèjì, nǹkan inú tiẹ̀ gùn díẹ̀, kì í ṣe roboto, lẹ́búlẹ́bú sì wà yí i ká nínú òdòdó kan náà. Ìyẹn lè fún ara ẹ̀ lóyún, kò nílò ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń gbin ìbẹ́pẹ tà fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, torí gbogbo igi ló máa so, èso ẹ̀ sì máa ń gùn, ẹran ara ẹ̀ nípọn, ihò inú ẹ̀ kéré. Èso abo máa ń rí roboto, ihò inú ẹ̀ fẹ̀.

Nítorí náà kẹ́ẹ tó gé akọ yẹn, ẹ wo irú èso tí àwọn méjì yẹn ń so. Tó bá jẹ́ abo ni wọ́n, akọ yẹn gan-an lè jẹ́ ẹni tó ń fún wọn lóyún.

Ní ti ìṣó, kò lè yí nǹkan kan padà. Ohun tí igi yẹn máa jẹ́, àtinú hóró ló ti wà lára ẹ̀. Ara ìbẹ́pẹ kì í ṣe igi líle, ó rọ̀, inú ẹ̀ ṣófo bíi paipu, ihò ìṣó yẹn lomi àti ìdíbàjẹ́ á gbà wọlé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kàn án.

Ìyá_Ọlọ́gbà:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun o, àmọ́ ti ìṣó yẹn, n ò fara mọ́ ọn tán. Ojú mi ló ṣe. Akọ kan wà lọ́dọ̀ wa, òdòdó orí ọ̀pá gígùn gẹ́gẹ́ bẹ́ẹ ṣe sọ ọ́, wọ́n kan ìṣó mọ́ ọn, ó pẹ́ díẹ̀ ó sì so. Èso ẹ̀ ò tóbi, ó ń rọ̀ dirodiro lórí ọ̀pá gígùn yẹn, àmọ́ ìbẹ́pẹ ni, a rí i. Ẹ wá sọ fún mi, kí ló fà á?

Àgbà_Ajílé:

Ìyá wa, n ò ní sọ pé ẹ ò rí ohun tẹ́ẹ rí. Ó so lóòótọ́. Ibi tí èrò wa ti yàtọ̀ ni ẹni tó mú un so.

Àwọn igi akọ kan wà tí wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra wọn, láìsí ìṣó, láìsí àdá. Tí ojú ọjọ́ bá yí padà, bóyá otútù mú tàbí àsìkò kan lọ tí òmíì dé, díẹ̀ nínú òdòdó wọn á ní ohun tó lè di èso, wọ́n á so kéékèèké lórí ọ̀pá gígùn yẹn gan-an, bẹ́ẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀ yẹn. Tí àsìkò yẹn bá kọjá, wọ́n á padà sí bí wọ́n ṣe wà. Bó bá wá jẹ́ pé ìṣó ti wà lára ẹ̀ nígbà yẹn, ìṣó ló máa gba ìyìn. Ohun tó yẹ kí gbogbo wa béèrè ni pé àwọn akọ mélòó ni wọ́n kan ìṣó mọ́ tí wọn ò so? Èèyàn kì í sọ ìtàn ìyẹn. Àti pé àwọn akọ mélòó ló so láìsí pé ẹnikẹ́ni kan ìṣó mọ́ wọn?

Kẹ́ẹ tún wo ọ̀pá tí èso yẹn so sí. Ká ní igi yẹn di abo ni, ara igi ni èso á ti yọ, kò ní jẹ́ lórí ọ̀pá gígùn. Akọ ni títí di báyìí.

Ìyá_Ọlọ́gbà:

Ó dáa, ti ọ̀pá yẹn yé mi. N ò ronú kàn án rí. Èmi ṣì máa bi àwọn tó kàn án pé kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀lé e, bóyá ó tún so.

Sáyẹ́ǹsì_Inú_Oko:

Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n Ajílé. Ẹ jẹ́ n fi ti hóró kún un, torí ẹni tó bi ìbéèrè ṣì ń retí ìdáhùn lórí ìyẹn, mo sì fẹ́ràn ibi yìí nínú ọ̀rọ̀ ìbẹ́pẹ ju gbogbo ẹ̀ lọ.

Ẹ ò lè fojú mọ̀ ọ́n. Àwọn kan á ní èyí tó dúdú jù ni abo, àwọn kan á ní èyí tó bá rì sómi, àwọn míì á hú ọmọ igi kí wọ́n wo gbòǹgbò, wọ́n á ní tó bá pín sí méjì abo ni, tó bá lọ tààrà akọ ni. Kò sí èyí tó dúró nínú ẹ̀. Láàbù nìkan ló lè sọ ọ́ kí igi tó tanná, wọ́n á já ewé díẹ̀ lára ọmọ igi kí wọ́n yẹ DNA ẹ̀ wò. Ẹni tí kò ní láàbù á dúró de òdòdó, kò sí ọ̀nà míì.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Nínú hóró kọ̀ọ̀kan àmì méjì tó ń pinnu akọ tàbí abo ló wà, ọ̀kan wá látọ̀dọ̀ igi tó so èso yẹn, ìkejì wá látinú lẹ́búlẹ́bú. X àti X, abo nìyẹn. X àti Y, akọ nìyẹn. Irú Y kan tún wà tó yàtọ̀ díẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ ní Yh, X pẹ̀lú Yh ló ń bí èyí tó ní méjèèjì. Hóró tí kò bá ní X rárá, tó jẹ́ pé Y méjì ló kó jọ, kì í yè, inú èso ló ti máa ń kú.

Látinú ìyẹn lẹ lè fi ọwọ́ ka ohun tó máa jáde. Tó bá jẹ́ pé akọ ló fún abo lóyún, ìdajì hóró á jẹ́ akọ, ìdajì á jẹ́ abo, kò sí ẹ̀kẹta ńbẹ̀ rárá. Tó bá jẹ́ pé èyí tó ní méjèèjì ló fún ara ẹ̀ lóyún, nínú hóró mẹ́ta tó bá yè, méjì á ní méjèèjì, ọ̀kan á jẹ́ abo, akọ ò ní sí ńbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé lẹ́búlẹ́bú akọ ló wá bà lé òdòdó tó ní méjèèjì, ó pín sí mẹ́ta dọ́gbadọ́gba.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ní akọ nínú mẹ́rin, èyí fi hàn pé lẹ́búlẹ́bú akọ wọ inú ìbẹ́pẹ tẹ́ẹ jẹ yẹn. Igi akọ kan wà nítòsí oko tó ti wá, ó dájú.

Ohun tó wá máa ń yà mí lẹ́nu jù lọ: ìbẹ́pẹ inú igbó, èyí tí kò sẹ́ni tó gbìn ín, ní Mẹ́síkò àti àwọn ilẹ̀ tó tẹ̀ lé e nísàlẹ̀ níbi tó ti ṣẹ̀ wá, akọ àti abo nìkan ni wọ́n. Èyí tó ní méjèèjì ò sí láàárín wọn. Àwọn onímọ̀ tó yẹ DNA wọn wò, tí wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde ní 2015, rí i pé ara Y ti akọ ni Yh ti jáde, kò sì ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ọdún lọ, ìyẹn jẹ́ lẹ́yìn táwọn èèyàn ibẹ̀ ti ń dáko, ó sì ṣe déédéé pẹ̀lú ìgbà tí ọ̀làjú àwọn Maya, àwọn ará ilẹ̀ yẹn láyé àtijọ́, ń gbèrú. Àgbẹ̀ ló ṣe é. Ẹnì kan rí igi kan tó dá so lóun nìkan, ó kó hóró ẹ̀ pa mọ́, ó gbìn ín, àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀, láìmọ nǹkan kan nípa X àti Y. Ìbẹ́pẹ gígùn tí wọ́n ń tà káàkiri ayé lónìí, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ tí a ò mọ orúkọ wọn yẹn ni. Tí mo bá ti rántí ẹ̀ n kì í lè wo ìbẹ́pẹ lásán mọ́.

Ẹ̀yìnkùlé_Tútù:

Háà! Ẹ ṣeun gan-an o, mo ti kọ́ ohun tí n ò mọ̀ rí. Mo ti lọ ya òdòdó wò. Igi kìíní, òdòdó ẹ̀ tóbi, mo wá lẹ́búlẹ́bú nínú ẹ̀ n ò rí, nǹkan inú ẹ̀ roboto, èso ẹ̀ náà roboto. Igi kejì, èso ẹ̀ gùn, lẹ́búlẹ́bú sì wà nínú òdòdó ẹ̀. Ṣé abo nìyẹn àti èyí tó ní méjèèjì?

Mo tún rí nǹkan kan lára èyí tó gùn yẹn. Àwọn èso kan lára ẹ̀ rí wúruwùru, wọ́n ní kókó àti ìlà jíjìn lára bí ẹni pé èso méjì lẹ̀ pọ̀. Nígbà kan tí ooru mú gan-an sì rèé, ó tan òdòdó kò so fún ìgbà pípẹ́. Ṣé àrùn ni?

Àgbà_Ajílé:

Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn gan-an ni. Ọ̀kan abo, ọ̀kan ní méjèèjì, ọ̀kan akọ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé sẹ́yìnkùlé kan ṣoṣo.

Ti èso wúruwùru, kì í ṣe àrùn. Èyí tó ní méjèèjì yìí ni ojú ọjọ́ ń dà láàmú jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí ooru bá pọ̀ jù, tí omi bá wọ́n ọn, tàbí tí ilẹ̀ ò fún un ní oúnjẹ tó, apá abo nínú òdòdó ẹ̀ á kú sínú, akọ nìkan á ṣẹ́kù, òdòdó á wọ́ dànù, ẹni tí kò bá mọ̀ á ní igi yẹn ti di akọ, á sì gé igi rere. Tí otútù bá mú nígbà tí òdòdó ń kóra jọ, apá akọ á lẹ̀ mọ́ apá abo, wọ́n á jọ dàgbà, ohun tó ń fa kókó àti ìlà yẹn nìyẹn. Ó ṣe é jẹ, kò ní nǹkan kan, ojú ẹ̀ nìkan ni kò dára. Abo kì í ṣe báyìí, ó dúró gbọin-in sójú kan ní gbogbo ìgbà.

Tí kókó bá pọ̀ lára gbogbo èso, tí oje funfun sì ń sun jáde fúnra ẹ̀ lára àwọn tó ṣì tútù, ìyẹn lè jẹ́ pé ilẹ̀ ò ní boron tó, èròjà kan tí igi ń fà látinú ilẹ̀, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn.

Ẹ kàn máa bomi rin ín déédéé nígbà ooru, kẹ́ẹ fi ewé gbígbẹ bo ìdí ẹ̀. Àmọ́ kómi má dúró síbẹ̀ o. Gbòǹgbò ìbẹ́pẹ ò lè gba omi adágún rárá, ọjọ́ méjì tómi bá fi bò ó mọ́lẹ̀ ti tó láti pa á.

Oyin_Àti_Òdòdó:

Ẹ̀yin èèyàn, kò tíì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbé lẹ́búlẹ́bú látara akọ lọ sára abo. Afẹ́fẹ́ ń gbé díẹ̀, àwọn kòkòrò kéékèèké náà ń ṣe díẹ̀, àmọ́ àwọn àfòpiná ńlá kan wà tí wọ́n máa ń fò lójú kan bí wọ́n ṣe ń fa oyin mu, àwọn ni ọ̀gá iṣẹ́ yẹn. Ìdí nìyẹn tí òórùn akọ yín fi ń dùn nírọ̀lẹ́! Ìgbà yẹn làwọn oníbàárà ẹ̀ máa ń jáde.

Kẹ́ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn jù. Oyin wà nínú òdòdó akọ, àfòpiná á mu ún. Òdòdó abo ò ní oyin kankan. Kò fún kòkòrò ní nǹkan kan rárá, ó kàn funfun, ó sì jọ òdòdó akọ díẹ̀ ni, àfòpiná á ṣèèṣì yà síbẹ̀ nínú òkùnkùn, á tẹnu bọ̀ ọ́, kò ní rí nǹkan kan, àmọ́ lẹ́búlẹ́bú tó ti wà lára ẹ̀ ti bà síbẹ̀ ná. Bí akọ bá kéré jù ní àdúgbò, tàbí tí wọ́n ti fi oògùn pa àwọn kòkòrò tán, abo á wà níbẹ̀ kò ní so dáadáa. Nígbà míì á so èso kéékèèké tí kò ní hóró nínú.

Ẹni tí kò bá ní àfòpiná tó lè fi ọwọ́ ṣe é. Já òdòdó akọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, bó ewé ẹ̀ kúrò kí lẹ́búlẹ́bú hàn síta, kó o wá fi ra orí nǹkan márùn-ún tó pín yẹn nínú òdòdó abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ó tán. Èmi máa ń ṣe é fún elégédé náà, òun náà ní òdòdó akọ àti òdòdó abo, àmọ́ orí igi kan náà ni tiẹ̀ wà, àárọ̀ kùtù sì ni wọ́n máa ń ṣe é torí tí oòrùn bá mú tán ó ti pa dé.

Torí náà ní èrò tèmi, kẹ́ẹ fi akọ yẹn sílẹ̀. Abo yín nílò ẹ̀.

Sáyẹ́ǹsì_Inú_Oko:

Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ kò pọn dandan tó bẹ́ẹ̀ torí igi kejì ní lẹ́búlẹ́bú tiẹ̀, ó lè fún abo yẹn. Tí ilẹ̀ bá há gan-an, tí wọ́n sì fẹ́ gé e, abo ṣì máa so. Oko tó jẹ́ pé abo àti akọ nìkan ló wà níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ le, níbẹ̀ akọ kan fún nǹkan bí abo mẹ́wàá lọ̀pọ̀ àgbẹ̀ máa ń fi sílẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí akọ yẹn bá ṣì wà nítòsí, hóró tẹ́ẹ bá kó lára igi kejì ò ní mọ́ fún yín, akọ á máa wà nínú ẹ̀.

Tẹ́ẹ bá ń wá àpẹẹrẹ ohun tí àìsí kòkòrò lè ṣe, ẹ wo ọ̀pẹ. Igi ọ̀pẹ kan náà ló ń yọ ìdì òdòdó akọ fún àsìkò kan, tó bá tún yá á yọ ti abo, kì í sábà yọ méjèèjì pọ̀, nítorí náà lẹ́búlẹ́bú gbọ́dọ̀ wá látara ọ̀pẹ míì. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀pẹ lọ sí Malaysia wọn ò gbé kòkòrò ẹ̀ lọ, òṣìṣẹ́ ló ń fi ọwọ́ da lẹ́búlẹ́bú sí ìdì abo lóko tó fẹ̀ lọ salalu. Ní 1981 wọ́n wá tú kòkòrò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Elaeidobius kamerunicus sílẹ̀ níbẹ̀, láti Kamẹrúùnù ni wọ́n ti mú un. Èso pọ̀ sí i, iṣẹ́ ọwọ́ yẹn sì dópin. Kòkòrò tí kò tó ìka ọmọdé ló gba iṣẹ́ yẹn ṣe.

Ìyá_Ọlọ́gbà:

Ẹ̀yin ẹ̀ ń sọ ti òdòdó, ẹ jẹ́ n sọ ti oje. Èmi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé igi ìbẹ́pẹ kó máa fọwọ́ lásán gbé e, oje funfun yẹn lágbára. Papain ni orúkọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ó ń gé ẹran ara sí wẹ́wẹ́, ìdí tí wọ́n fi ń fi ewé ìbẹ́pẹ wé ẹran tó le kó lè rọ̀ nìyẹn. Ara èèyàn náà ẹran ni, tó bá dà sójú tàbí ojú egbò kò dáa. Àwọn kan ara wọn kọ̀ ọ́ pátápátá, tí wọ́n bá fara kàn án wọ́n á wú. Aláboyún náà gbọ́dọ̀ yàgò fún ìbẹ́pẹ tútù tí oje ṣì wà nínú ẹ̀, èyí tó pọ́n dáadáa ni kí wọ́n jẹ.

Látinú èso tútù ni wọ́n ti ń kó o fún títà, wọ́n á fi nǹkan mímú ha ara èso nígbà tó ṣì wà lórí igi, oje á máa kán sínú àwo, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́. Àwọn tó ń ṣe bíà ń lò ó kí bíà má baà dàrú tí wọ́n bá gbé e sínú fìríìjì, àwọn tó ń ṣe awọ náà ń lò ó.

Sáyẹ́ǹsì_Inú_Oko:

Ìyá, ẹ ṣeun tẹ́ẹ mú ìyẹn wá. Àmọ́ igi ò ṣe oje yẹn nítorí tiwa o, ogun ẹ̀ ni. Àwọn onímọ̀ kan ní Japan fi ewé ìbẹ́pẹ bọ́ kòkòrò tó ń di àfòpiná, wọ́n kú. Wọ́n wá fọ oje yẹn kúrò lára ewé, wọ́n tún fi bọ́ wọn, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì ń dàgbà. Ohun tó ń rọ ẹran fún wa nínú ìkòkò, ikùn kòkòrò ló wà fún.

Ohun tí oje ò lè dá dúró ni fáírọ́ọ̀sì. Èyí tó burú jù tó ń bá ìbẹ́pẹ jà, wọ́n ń pè é ní ringspot, àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ara ewé mu ló ń gbé e kiri, ẹ ó rí àmì òrùka-òrùka lára èso, ewé á sì máa ká kò. Kò ní oògùn. Ní Hawaii ó wọ àgbègbè tí ìbẹ́pẹ wọn ti ń jáde jù ní 1992, oko lọ́tùn-ún lósì ló bà jẹ́. Onímọ̀ nípa àrùn ohun ọ̀gbìn kan, Dennis Gonsalves, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi díẹ̀ nínú jíìnì fáírọ́ọ̀sì yẹn sára ìbẹ́pẹ kó lè dá a mọ̀ kó sì gbógun tì í, 1998 ni wọ́n fún àwọn àgbẹ̀ ní irúgbìn ẹ̀, ìbẹ́pẹ Hawaii sì padà bọ̀ sípò. Tẹ́ẹ bá rí òrùka yẹn lára igi yín, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kẹ́ẹ lo àdá.

Ẹ̀yìnkùlé_Tútù:

Mo ti pinnu, akọ yìí dúró síbi tó wà. Kò sí òrùka lára wọn, mo ti yẹ̀ wọ́n wò. Ìbéèrè kan ló ṣẹ́ kù: mo fẹ́ tún gbin òmíì, mo sì fẹ́ èyí tó gùn yẹn. Báwo ni mo ṣe máa kó hóró tí akọ ò ní wà nínú ẹ̀? Tèmi ìṣáájú náà pẹ́ kó tó hù.

Àgbà_Ajílé:

Lára igi kejì ni kẹ́ẹ ti kó o. Ẹ wá òdòdó kan tó ti tóbi àmọ́ tí kò tíì là, ẹ fi àpò bébà kékeré wé e, kẹ́ẹ dì í lẹ́nu kí kòkòrò má baà wọlé. Á là sínú àpò yẹn, lẹ́búlẹ́bú tiẹ̀ nìkan lá rí. Tó bá ti wọ èso ẹ yọ àpò kúrò, ẹ so okùn aláwọ̀ mọ́ ọn kẹ́ẹ lè dá a mọ̀ láàárín àwọn tó kù. Ẹ ṣe é fún òdòdó bíi mélòó kan, torí gbogbo ẹ̀ kọ́ ló máa wọ èso.

Ẹ jẹ́ kó pọ́n dáadáa lórí igi. Tẹ́ẹ bá kó hóró ẹ̀, ẹ ó rí awọ tó ń yọ̀ tó bò ó, ẹ fi eérú tàbí iyanrìn ra á kúrò, kẹ́ẹ fi omi ṣàn án. Awọ yẹn ló máa ń dá hóró dúró kó má tètè hù, èyí tẹ́ẹ gbìn tẹ́lẹ̀ tó pẹ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló fà á. Ẹ sá a níbòòji, ẹ gbìn ín síbi tó móoru, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin á ti yọjú.

Ọmọ igi mẹ́ta ni kẹ́ẹ gbìn sí ihò kan, kẹ́ẹ fi àyè díẹ̀ sáàárín wọn, ẹ má ṣe dá gbòǹgbò wọn láàmú tẹ́ẹ bá ń gbé wọn láti inú náílọ́ọ̀nù. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ títí wọ́n á fi tanná, lẹ́yìn náà kẹ́ẹ yan ẹyọ kan tó ní méjèèjì kẹ́ẹ gé méjì tó kù. Bí ọ̀gá Sáyẹ́ǹsì ṣe ṣírò ẹ̀, méjì nínú mẹ́ta ló máa ní méjèèjì, èyí já sí pé nínú ihò mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ẹyọ kan péré lẹ máa rí tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú ẹ̀ máa jẹ́ abo. Àwọn tó bá ga tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì yára jù, ẹ má torí ìyẹn yàn wọ́n, ẹ dúró de òdòdó.

Igi kẹrin tí kò tíì tanná yẹn náà, bákan náà ni. Tó bá ti yọ ìtànná àkọ́kọ́, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kẹ́ẹ gbé e síbí, kẹ́ẹ ya ọ̀kan sí méjì ká lè rí inú ẹ̀.